Ẹ̀yin ìyá àgbà ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ gìrì

Ẹ̀yin ìyá wa àgbà l'Óṣogbo, mo kúnlẹ̀ kí ẹ tó gbọ́ mi o. Bí gìrì bá gbé ọmọ lóru, ìyá ọmọ kọ́ ló ń pàṣẹ. Jìnnìjìnnì ti bò ó. Ojú yín ni gbogbo ilé ń wò. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé ìkìlọ̀ tí àwọn nọ́ọ̀sì ń ṣe fún abiyamọ nídìí abẹ́rẹ́ àjẹsára kò tó. Ó yẹ kí wọ́n ránṣẹ́ pe ìyá ọkọ náà.

Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ọmọ ló ń mú yín ṣe é. Ṣùgbọ́n mo ti rí ẹsẹ̀ ọmọ tí wọ́n kì bọ iná kí gìrì lè lọ. Gìrì lọ lóòótọ́, àpá iná ò lọ. Àgbo ìtọ̀ màlúù tí wọ́n rẹ ewé tábà sí ńkọ́? Ó máa ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ó sì lè dá èémí dúró. Ọmọ tí gìrì ò ní pa, àgbo yẹn lè pa á.

Ọmọ oṣù 6 sí ọdún 5 ni gìrì ibà, èyí tí ara gbígbóná ń mú wá, sábà máa ń gbé. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kì í tó ìṣẹ́jú 5 tí á fi dá fúnra rẹ̀, kì í sì í ba ọpọlọ jẹ́. Ẹ fẹ̀gbẹ́ ọmọ lélẹ̀ kí itọ́ àti èébì lè ṣàn jáde. Ẹ má dì í mú. Ẹ má fi ṣíbí la eyín rẹ̀, kò lè gbé ahọ́n mì. Kí ẹnì kan sì máa wo aago. Ó ṣáà wà lórí fóònù.

Bó bá kọjá ìṣẹ́jú 5, tàbí tó dá tó tún bẹ̀rẹ̀, tàbí tí ọmọ ò jí dáadáa, tàbí tí ọrùn rẹ̀ le, ẹ má dúró rárá: ilé ìwòsàn ìjọba ní Asubiaro, tàbí ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun (UNIOSUN). Kódà bó bá tètè dá, ẹ ṣì gbé e lọ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, torí ibà tó wọ ọpọlọ àti yírùnyírùn (àrùn tó ń mú ọrùn le) náà máa ń mú gìrì wá.

Parasitámọ́ọ̀lù á mú ara tu ọmọ, àmọ́ kì í dènà gìrì. Nítorí náà, bó bá tún gbé e lọ́jọ́ mìíràn, ẹ má bú ìyá rẹ̀, ẹ má sì sọ pé ayé ló ń ṣe é. Nínú ọmọ 3 tó ti ṣe rí, ó máa ń tún ṣe bí ọ̀kan. Tí wọ́n bá ti kọjá ọdún 5 tàbí 6, ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣe é mọ́.