Mẹ́gápíksẹ́lì púpọ̀ kọ́ ló ń lé moiré kúrò nínú fídíò

Tí àwọ̀ òṣùmàrè bá ń sáré lára ṣẹ́ẹ̀tì onílà nínú fídíò (moiré nìyẹn: àwọ̀ tàbí ìlà tí kò sí lára nǹkan gan-an), tàbí tí etí òrùlé rí gánnagànna bí àtẹ̀gùn, ìmọ̀ràn tó máa ń kọ́kọ́ jáde ni pé kí onítọ̀hún lọ ra kámẹ́rà tí mẹ́gápíksẹ́lì rẹ̀ pọ̀ (mílíọ̀nù píksẹ́lì ni mẹ́gápíksẹ́lì kan; píksẹ́lì ni àwọn ẹyọ kékeré tó para pọ̀ di àwòrán). Tó bá jẹ́ fọ́tò, òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ fídíò, ó lè burú sí i.

Ẹ wo Canon 5D Mark II tó jáde ní 2008. Píksẹ́lì 5616 ni sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ (ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà) ní ní ìbú, 3744 ní òró, bẹ́ẹ̀ ìlà 1080 péré ni fídíò rẹ̀ nílò. Kò ráyè ka gbogbo ìlà náà tán láàárín ìdá kan nínú 30 ìṣẹ́jú àáyá, ló bá ń fò wọ́n: nǹkan bí ẹyọ kan nínú mẹ́ta ló ń mú. Òwú aṣọ tàbí etí bíríkì tó bá bọ́ sórí ìlà tó fò kò wọ fídíò rárá. Àwọn tó kù ni kámẹ́rà wá tò pọ̀ bíi pé ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n wà tẹ́lẹ̀, ni ìlà tí kò sí lára aṣọ bá yọ. Fíltà tó wà níwájú sẹ́ńsọ̀, tó ń mú àwòrán rọ̀ díẹ̀ kí moiré má bàa yọ, kò lè gbà á sílẹ̀, torí fọ́tò 21 mẹ́gápíksẹ́lì ni wọ́n torí ẹ̀ ṣe é. Agbára rẹ̀ kò tó fún ìlà 1080. Mark III ti 2012 kò ju mẹ́gápíksẹ́lì 22 lọ, síbẹ̀ moiré rẹ̀ dín kù gan-an. Sony a7S ti 2014 ní 12 péré, ṣùgbọ́n gbogbo píksẹ́lì ló ń kà.

Nítorí náà, ohun tó yẹ kéèyàn béèrè ni bí kámẹ́rà ṣe ń ka sẹ́ńsọ̀ rẹ̀. Sony a7R II, tó ní 42, ń ka gbogbo píksẹ́lì tí ẹ bá yan Super 35, tó ń lo àárín sẹ́ńsọ̀ nìkan. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ tí ẹ bá lo gbogbo fífẹ̀ sẹ́ńsọ̀.

Dídín sharpness (bí kámẹ́rà ṣe ń mú etí nǹkan hàn ketekete) kù náà kò pa moiré. Ẹ dín in kù o, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn tí sẹ́ńsọ̀ ti ka àwòrán tán ló ń ṣiṣẹ́.

Kí ẹ tó tẹ rẹ́kọ́ọ̀dù ni iṣẹ́ wà. Ẹ sún mọ́ ohun tí ẹ ń yà tàbí ẹ sún sẹ́yìn, tàbí kí ẹ yí kámẹ́rà díẹ̀. Aṣọ onílà wẹ́wẹ́, ẹ ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Kò sí ohun tó yá jù bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ ògiri ẹ̀yìn ló ń dà á rú, ẹ ṣí ihò lẹ́ńsì kí ògiri náà bọ́ kúrò ní fókọ́ọ̀sì. Nínú oòrùn gangan, ISO 100 (bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ tó) pẹ̀lú shutter 1/50 (àkókò tí ìmọ́lẹ̀ fi ń wọlé) á gbé yín dé f/22, ìyẹn ihò lẹ́ńsì tó kéré gan-an. Kí ẹ tó lè padà sí f/2.8, tí ihò rẹ̀ fẹ̀, ẹ nílò ND64, dígí dúdú iwájú lẹ́ńsì tó ń dín ìmọ́lẹ̀ kù, tí àwọn kan ń kọ 1.8 sí lára. Tó bá di dandan kí gbogbo nǹkan wà ní fókọ́ọ̀sì, f/16 tàbí f/22 fúnra rẹ̀ á mú àwòrán rọ̀ díẹ̀, moiré á sì rọ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹ má gba skírìnì kékeré ẹ̀yìn kámẹ́rà gbọ́. Bó ṣe ń fún àwòrán pọ̀, ó lè dá moiré tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì lè bo èyí tó wà níbẹ̀ lóòótọ́ mọ́lẹ̀. Ẹ mú àwòrán náà tóbi dé 100% kí ẹ tó dájọ́.

Ẹni tó ní òun á yọ ọ́ nígbà tóun bá ń ṣe ẹ́díìtì lè rí ti àwọ̀ yọ: kó sàmì sí ibi tó kàn, kó dín àwọ̀ nìkan kù, kó fi ìmọ́lẹ̀ àwòrán sílẹ̀. Etí alátẹ̀gùn kò ní gbọ́ irú ìwòsàn bẹ́ẹ̀, àfi kí wọ́n tún un yà.