Iṣẹ́ idẹ tínrín kò fẹ́ áyọ́ọ̀nù kékeré

Ẹ gbé abala idẹ tínrín kalẹ̀ níwájú ẹnikẹ́ni tó ń tún rédíò tàbí fóònù ṣe ní Ìlọrin, kí ẹ ní ẹ fẹ́ fi lẹ́ẹ̀dì jó o pọ̀. Kó tó béèrè ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe, á ti gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ wá áyọ́ọ̀nù sódà, irin oníná tí wọ́n fi ń yọ́ lẹ́ẹ̀dì, ti wáàtì 25, èyí tí ẹnu rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, torí iṣẹ́ kékeré, iná kékeré. Bí ẹ bá dé Ọ̀fà, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n á wí. Bí ẹ kọjá sí Òmù-Àrán, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kan ọkọ̀ ojú irin kékeré pàápàá ti gbà á gbọ́, wọ́n sì ń fi kọ́ ara wọn. Irọ́ ni. Níbi iṣẹ́ idẹ, áyọ́ọ̀nù kékeré gan-an ló ń ba nǹkan jẹ́, ti ńlá ló ń gba iṣẹ́ là.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé irú iṣẹ́ tí mo ń sọ, torí ọ̀pọ̀ èèyàn kò tíì rí i rí. Wọ́n máa ń ta ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú irin kékeré ní kíìtì, ọ̀pọ̀ rẹ̀ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí ẹ bá ṣí páálí rẹ̀, ẹ kò ní bá ọkọ̀ níbẹ̀. Abala idẹ pẹlẹbẹ lẹ ó bá, tàbí ti níkùlù sílífà (àdàlù bàbà, níkùlù àti síǹkì), tí gbogbo ẹ̀yà ara ọkọ̀ náà wà lójú rẹ̀: ẹ̀gbẹ́ ilé awakọ̀, iwájú bọ́ílà, ṣásí, àtẹ̀gùn, títí dé orí ìṣó róbótó-róbótó tó wà lára ojúlówó. Kẹ́míkà kan, ferric chloride, ni wọ́n fi jẹ ibi tí wọn kò fẹ́ dànù, tó fi jẹ́ pé àwọn ẹ̀yà náà nìkan ló kù, pẹ̀lú etí tẹ́ẹ́rẹ́ tó dì wọ́n mú mọ́ abala. Níbi tí a ó ti tẹ̀ ẹ́, wọ́n á jẹ́ kí kẹ́míkà jẹ ẹ́ dé ìdajì ìnípọn rẹ̀, kó lè tẹ̀ gbọọrọ lórí ìlà. Ìnípọn abala náà sábà máa ń wà láàárín mìlímítà 0.25 sí 0.45. Ẹ ó gé e, ẹ ó fi fáìlì ra etí rẹ̀, ẹ ó tẹ̀ ẹ́, ẹ ó sì fi lẹ́ẹ̀dì jó o pọ̀. Ẹsẹ̀ ọkọ̀, mọ́tọ̀ àti jíà, ọ̀tọ̀ lẹ ó rà wọ́n lọ́pọ̀ ìgbà.

Kò yẹ kó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé irú iṣẹ́ yìí ń wu àwọn ọmọ agbègbè wa. Ojú irin dé Òṣogbo ní 1907, ó wọ Ìlọrin ní 1908, ó kan Jẹ́bà ní 1909, Ọ̀fà sì wà lójú ọ̀nà. Èyí tó wu èmi jù láti rí ní idẹ ni ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń pè ní River class, tí ilé iṣẹ́ Vulcan Foundry nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ fún rélùwéè Nàìjíríà ní 1948: ẹsẹ̀ kékeré méjì níwájú, ńlá mẹ́jọ láàárín, kékeré méjì lẹ́yìn. Ojú irin àtijọ́ tiwa yìí fẹ̀ ní mìlímítà 1067. Bí a bá pín in sí ọ̀nà 87, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ tó ń kan ọkọ̀ kékeré ti ń ṣe, díẹ̀ ló fi lé ní mìlímítà 12. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ dára ní tábìlì ilé ìwé, kí ọmọ rí ohun tí àwọn bàbá wa gùn. Ìdí nìyẹn tí inú mi kì í dùn bí mo bá rí ọ̀dọ́ tó ti ra kíìtì, tó wá pa á tì torí wọ́n fi áyọ́ọ̀nù tí kò yẹ rán an níṣẹ́.

Níbo ni ìgbàgbọ́ yìí ti wá? Ọwọ́ àwọn tó mọ iṣẹ́ tiwọn dunjú ló ti wá, mi ò sì bá wọn jiyàn lórí ìyẹn. Bọ́ọ̀dù inú rédíò, fáíbà ni, fáíbà kì í sì í gbé ooru kiri. Bàbà tí wọ́n tẹ́ sójú rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ mìlímítà 0.035 péré. Bí áyọ́ọ̀nù ńlá bá pẹ́ lórí rẹ̀, bàbà á ṣí kúrò lára bọ́ọ̀dù, ohun tí wọ́n fẹ́ jó mọ́ ọn á sì kú. Wáàtì 25 tó o, ẹnu ṣóńṣó sì yẹ ẹ́. Ẹni tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún jẹun nídìí iṣẹ́ yẹn, ó tọ́ kó máa ṣọ́ iná.

Àmọ́ idẹ inú kíìtì fi nǹkan bí ìlọ́po méje sí mẹ́tàlá nípọn ju bàbà ojú bọ́ọ̀dù lọ. Kò sí fáíbà kankan tó dá ooru dúró lábẹ́ rẹ̀. Idẹ sì ń gbé ooru sáré ju irin lásán lọ ní ìlọ́po méjì. Bí ẹ ṣe ń da ooru sí i lójú kan, bẹ́ẹ̀ ló ń kó o lọ sí gbogbo ara. Ìbéèrè tó wà níbẹ̀ ò ju pé: ta ló máa yára ju ẹnì kejì lọ, áyọ́ọ̀nù yín tàbí idẹ?

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò yà sọ́tọ̀ ni bí nǹkan ṣe gbóná tó, àti bí ooru tó lè tú jáde ṣe pọ̀ tó. Áyọ́ọ̀nù wáàtì 25 àti ti wáàtì 60, ẹnu àwọn méjèèjì lè wà ní dígírì 350 nígbà tí wọn kò tíì kan ohunkóhun. Ẹ fi wọ́n kan idẹ, ẹ ó rí ìyàtọ̀. Ẹnu ti kékeré á tutù lójú ẹsẹ̀, torí kò ní ohun tó máa fi dípò ooru tí idẹ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, lẹ́ẹ̀dì tí gbogbo wa mọ̀ jù, èyí tó jẹ́ tánńganran 60 àti òjé 40 nínú ọgọ́rùn-ún, dígírì 183 ló ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, ó sì fẹ́ kí idẹ fúnra rẹ̀ gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ kó tó lè ṣàn.

Ẹ wò ó lórí tábìlì. Ẹ fẹ́ jó ẹ̀gbẹ́ ilé awakọ̀ mọ́ iwájú rẹ̀. Ẹ ti fi fúlọ́ọ̀sì olómi, èyí tó ń fọ ojú idẹ kí lẹ́ẹ̀dì lè mú un, ra ojú ìsopọ̀, ẹ wá gbé áyọ́ọ̀nù kékeré lé e. Fúlọ́ọ̀sì á hó díẹ̀, á dákẹ́. Lẹ́ẹ̀dì á dì gbàgìdì síbi tí ẹ fi í sí, ojú rẹ̀ á ṣú, kò ní ràn. Ẹ ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ sí i, ẹ ó dúró. Gbogbo bí ẹ ṣe ń dúró yẹn, ooru ti rìn dé òdìkejì, ó ti dé ibi tí ìka yín wà, fúlọ́ọ̀sì ti jóná di dúdú, àtẹ̀gùn tí ẹ jó mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ láàárọ̀ sì ti ń mì. Nígbà tí lẹ́ẹ̀dì á bá fi yọ́, gbogbo rẹ̀ ló máa yọ́ pọ̀.

Ẹ wá gbé ti wáàtì 60 tó ní ẹnu pẹlẹbẹ lé ojúkan náà. Fúlọ́ọ̀sì á ta ṣàà, lẹ́ẹ̀dì á kọ mọ̀nà, á sì sáré gba ojú ìsopọ̀ náà lọ láti òkè dé ilẹ̀. Ẹ gbé áyọ́ọ̀nù kúrò. Ìṣẹ́jú àáyá méjì, ó pọ̀ jù mẹ́ta. Ibi tó jìnnà díẹ̀ sí i kò tíì gbọ́ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ìyá alákàrà mọ ọ̀rọ̀ yìí ju gbogbo wa lọ: àkàrà tí wọ́n dà sínú epo tí kò gbóná kì í tètè jinná, ṣe ló máa dúró síbẹ̀ mu epo yó.

Ọ̀rọ̀ tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń sọ fún mi jù ni pé, “Ẹ̀gbọ́n, bí mo bá fi iná ńlá kan èyí, èyí tí mo ti jó tẹ́lẹ̀ á tú.” Pípẹ́ tí iná pẹ́ lórí rẹ̀ ló ń tú u. Áyọ́ọ̀nù tó tètè dé, tó tètè kúrò, kì í rí àyè ṣe irú ìbàjẹ́ yẹn. Bí àwọn ẹ̀yà náà bá wá sún mọ́ ara wọn jù, ọgbọ́n wà níbẹ̀. Ẹ lo lẹ́ẹ̀dì tó ń yọ́ ní dígírì 183 fún àwọn tí ẹ kọ́kọ́ jó, kí ẹ fi èyí tó ń yọ́ ní 145 jó àwọn tó tẹ̀ lé e. Ẹ fi tíṣù tí ẹ rẹ sínú omi bo ìsopọ̀ àtijọ́. Ẹ fi ìdè irun tó jẹ́ alumíníọ̀mù há a. Lẹ́ẹ̀dì kì í mú alumíníọ̀mù, á sì máa gba díẹ̀ lára ooru náà. Kí ẹ tó jó gbogbo ìlà, ẹ fi ẹyọ kan mú un lórí, ẹyọ kan nídìí, kí ẹ fi irin onígun wọ̀n ọ́n bóyá ó dúró ṣánṣán. Àwọn tó ń jó géètì ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, wọn kì í fa ìlà gígùn lẹ́ẹ̀kan náà.

Títẹ̀ àti wíwọ́ náà ń bẹ. Idẹ ń gùn sí i bó bá gbóná. Abala tó gùn ní mìlímítà 100, bí ooru rẹ̀ bá fi dígírì 150 ròkè, nǹkan bí mìlímítà 0.28 ló máa fi gùn sí i. Ó kéré létí, àmọ́ ó ti ju ìdajì ìnípọn abala tó nípọn jù níbẹ̀ lọ. Bí áyọ́ọ̀nù kékeré bá fi ìrọ̀rùn sè gbogbo pèpéle ọkọ̀ náà báyẹn, tí lẹ́ẹ̀dì sì dì nígbà tó ṣì gùn, yóò wọ́ bó bá tutù. Ẹ ó gbé e sórí dígí, igun kan á máa jó lókè. Ọkọ̀ tí pèpéle rẹ̀ bá wọ́, kò sí ọ̀dà tó lè bo àbùkù rẹ̀.

Mo sì fẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ iná, torí àwọn tó wà lókè òkun kò ní sọ èyí fún wa. Bí fóltì bá dín sí ìdajì, wáàtì áyọ́ọ̀nù lásán á dín sí ìdá mẹ́rin. Ẹ mú ìrọ̀lẹ́ tí gbogbo àdúgbò ti tan iná, tí gílóòbù pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tí fóltì tó yẹ kó jẹ́ 230 wá di 160. Áyọ́ọ̀nù wáàtì 60 yín ti di nǹkan bíi 29 nìyẹn. Ẹni tó fi ìmọ̀ràn ará àdúgbò ra wáàtì 25, méjìlá ló ń bá ṣiṣẹ́. Á wá máa rò pé ọwọ́ òun kò mọ iṣẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Bí iná àdúgbò yín bá máa ń rẹlẹ̀ báyìí, wáàtì 80 ni kí ẹ rà, tàbí kí ẹ ṣe iṣẹ́ tó le nígbà tí iná bá gbé dáadáa. Jẹnẹrétọ̀ kékeré gbé áyọ́ọ̀nù láìsí wàhálà.

Ẹnu áyọ́ọ̀nù náà ṣe pàtàkì. Ẹnu ṣóńṣó fi orí abẹ́rẹ́ kan idẹ; ooru kò rí ọ̀nà gbà kọjá, bí wáàtì ti wù kó pọ̀ tó. Pẹlẹbẹ tó fẹ̀ ní mìlímítà 3 sí 5 ló dára.

Ibi kan wà tí ẹ̀rù iná ti tọ́: àwọn ẹ̀yà tí wọ́n fi wáìtì mẹ́tà, irin rírọ̀ tó ń tètè yọ́, rọ, bíi ṣímínì àti orí bọ́ílà inú kíìtì mìíràn. Ìyẹn lè yọ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Lẹ́ẹ̀dì tó ń yọ́ ní dígírì 70 ló wà fún un, pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù tí ẹ lè yí ooru rẹ̀ wálẹ̀. Níkùlù sílífà náà rọrùn ju idẹ lọ, torí nǹkan bí ìdá mẹ́rin ooru tí idẹ ń gbé ló ń gbé. Bí ẹ bá rí kíìtì tó jẹ́ bẹ́ẹ̀, òun ni mo máa ní kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Fúlọ́ọ̀sì olómi tí mo dárúkọ, ásíìdì ló wà nínú rẹ̀: ẹ fi omi gbóná, ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ fọ iṣẹ́ yín nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ idẹ á ta àwọ̀ ewé. Ẹ má fi í kan bọ́ọ̀dù tàbí mọ́tọ̀. Wáyà mọ́tọ̀ gan-an ni wáàtì 25 yín wà fún, ẹ má jù ú nù.

Ẹni tó bá ṣì ń ṣiyèméjì, kó wá púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ti bàjẹ́, kó tú u, kó yọ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó gùn jù. Kó fi mágínẹ́ẹ̀tì kàn án: bí mágínẹ́ẹ̀tì bá mú un, irin tí wọ́n kùn ni, kó wá òmíràn, bí kò bá mú un, idẹ ni. Kó fi yanrìn bébà ha ojú rẹ̀ kó mọ́, kó fi fúlọ́ọ̀sì ra á, kó gbé e lé pákó. Kó fi áyọ́ọ̀nù wáàtì 25 kàn án, kó sì gbé lẹ́ẹ̀dì sí ara idẹ náà fúnra rẹ̀, kó má gbé e sẹ́nu áyọ́ọ̀nù. Yóò pẹ́ kó tó rí i kó yọ́, ó sì lè má yọ́ rárá. Kó jẹ́ kó tutù, kó fi ti wáàtì 60 ẹlẹ́nu pẹlẹbẹ ṣe ohun kan náà. Ẹsẹ̀ púlọ́ọ̀gì nípọn ju abala inú kíìtì lọ dáadáa, nítorí náà á gba àsìkò díẹ̀, àmọ́ lẹ́ẹ̀dì á ṣàn tẹ́ sójú idẹ náà.