Àtúnṣe: Ẹ̀jẹ̀ ẹja kan kò lè sọ ọjọ́ tí yóò yé ẹyin

Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń lọ káàkiri lórí WhatsApp pé bí a bá fa ẹ̀jẹ̀ ẹja odò kan ṣoṣo, tí a wọn họ́mónù rẹ̀, a ó mọ ọjọ́ àti wákàtí tí yóò yé ẹyin. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀ o, bóyá òun ló jẹ́ kó tàn. Estradiol, ìyẹn họ́mónù ìbímọ kan, máa ń gòkè nínú ẹ̀jẹ̀ abo ẹja nígbà tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ bá ń ṣe èròjà tó ń di pupa ẹyin. Ìyẹn lè gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Bí ẹyin bá fẹ́ gbó tán, estradiol á wá sílẹ̀, họ́mónù mìíràn á gòkè. Nítorí náà, iye kan náà lè túmọ̀ sí ohun méjì: ṣé ó ń gòkè lọ ni, àbí ó ń bọ̀ wálẹ̀? Ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan kò lè dáhùn.

Àwọ̀n náà tún dá kún un. Ẹja tó ti ń jà nínú àwọ̀n fún wákàtí mélòó kan, cortisol rẹ̀, ìyẹn họ́mónù tí ara ń tú jáde nígbà wàhálà, á ti fò sókè, họ́mónù ìbímọ rẹ̀ sì lè ti lọ sílẹ̀ kí abẹ́rẹ́ tó kàn án.

Àwọn onímọ̀ máa ń yẹ ẹja púpọ̀ wò léraléra, wọ́n á wo bí ẹyin ṣe tóbi tó, wọ́n á wọn ìgbóná omi. Àsìkò ni wọ́n sì máa ń fojú díwọ̀n, kì í ṣe wákàtí. Bí àtẹ̀jíṣẹ́ náà bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ wò ó bóyá ó sọ iye ẹja tí wọ́n yẹ̀ wò, àti ìgbà mélòó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àtúnṣe yìí ránṣẹ́ síbi tí ẹ ti rí i.