DNA Kì Í Da Ara Rẹ̀ Kọ

Ọ̀pọ̀ ìwé ẹ̀kọ́ bàọ́lọ́jì, àti ọ̀pọ̀ olùkọ́ tó ń fi wọ́n kọ́ni, ló máa ń sọ pé DNA, èròjà tó gbé àwọn ìtọ́ni àjogúnbá sínú sẹ́ẹ̀lì, máa ń ṣe ẹ̀dà ara rẹ̀ nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá fẹ́ pín sí méjì. Gbólóhùn náà kúrú, ó sì rọrùn láti há sórí fún ìdánwò, ṣùgbọ́n kò tọ̀nà. Bí ìwé kò ṣe lè da ara rẹ̀ kọ títí akọ̀wé yóò fi jókòó tì í, bẹ́ẹ̀ náà ni DNA rí: ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn ẹ́ńsáìmù, ìyẹn àwọn purotéènì tó ń ṣe iṣẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì, ni iṣẹ́ ìdàkọ wà.

Àwọn onímọ̀ ti yọ DNA láti inú egungun àwọn Neanderthal, ẹ̀yà èèyàn àtijọ́ tó ti kú run, tó ti wà nínú ihò àpáta fún ohun tó lé ní 30,000 ọdún. Ní gbogbo àkókò yẹn, DNA náà kò pọ̀ sí i rárá. Ńṣe ló ń já sí wẹ́wẹ́. Nínú àyẹ̀wò PCR tí wọ́n fi ń wá àrùn COVID-19 pẹ̀lú, èyí tó ń sọ DNA díẹ̀ di púpọ̀, bí wọn kò bá fi DNA polymerase, ẹ́ńsáìmù tó ń da DNA kọ, sínú ìgò, ẹ̀rọ náà lè máa gbóná kó sì máa tutù títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, kò sí ẹyọ ẹ̀dà kan tí yóò jáde.

Èrò pé DNA ń da ara rẹ̀ kọ kò ṣàdédé wáyé. Lọ́dún 1953, àwọn onímọ̀ Watson àti Crick fi hàn pé fọ́nrán méjì ló lọ́ mọ́ra wọn nínú DNA, pé nínú lẹ́tà mẹ́rin tí wọ́n fi ń pe àwọn èròjà DNA, A kì í bá ẹlòmíràn so bí kò ṣe T, G kì í sì í bá ẹlòmíràn so bí kò ṣe C. Ẹni tó bá rí èyí lè rò pé bí fọ́nrán méjèèjì bá ti yà, ìkọ̀ọ̀kan wọn yóò kàn fa ẹnìkejì rẹ̀ mọ́ra. Àwọn méjèèjì fúnra wọn kò sọ bẹ́ẹ̀. Nínú ìwé kejì tí wọ́n kọ lọ́dún náà, wọ́n fi sílẹ̀ bí ìbéèrè bóyá ẹ́ńsáìmù kan yóò ní láti dá sí i. Onímọ̀ Arthur Kornberg ló dáhùn rẹ̀ ní ìlú St. Louis, ní Amẹ́ríkà, nígbà tó rí DNA polymerase nínú omi ara bakitéríà E. coli lọ́dún 1956, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1959.

Láti ibẹ̀ ni àṣìṣe kejì ti wọlé, èyí tó fara sin jù, pé ẹ́ńsáìmù Kornberg yìí nìkan ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́. Lọ́dún 1969, Paula De Lucia àti John Cairns rí E. coli kan tí ẹ́ńsáìmù náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣiṣẹ́ lára rẹ̀ rárá, síbẹ̀ tó ń bí sí i bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, àfi pé ìtànṣán oòrùn tó máa ń ba DNA jẹ́ tètè ń pa á. Ìwádìí tó tẹ̀lé e, tí Thomas Kornberg, ọmọ Arthur gan-an, kópa nínú rẹ̀, ló fi DNA polymerase III hàn, òun sì ni olórí adàkọ. Mo ka èyí sí ẹ̀kọ́ tó dára jù lọ nínú ìtàn yìí, nítorí ó fi hàn pé kí ẹ́ńsáìmù lè ṣe iṣẹ́ kan nínú ìgò kò sọ pé òun ló ń ṣe é nínú sẹ́ẹ̀lì.

Polymerase III pàápàá kò lè dá iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Helicase ló ń ya fọ́nrán méjèèjì. Bó ṣe ń yà wọ́n ni DNA tó wà níwájú ń lọ́ le sí i, gyrase sì ní láti gé DNA, kó tú u, kó tún un so. Primase ní láti kọ́kọ́ fi RNA kékeré, èròjà tó jọ DNA, lélẹ̀, torí polymerase kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí òfo. Nítorí pé apá kan ṣoṣo ló lè máa kọ̀wé sí, ó ń da fọ́nrán kan kọ láìdúró, èkejì sì ń jáde ní ègé-ègé, tí wọ́n fi orúkọ Reiji àti Tsuneko Okazaki, àwọn onímọ̀ ará Japan, pè. Ẹ́ńsáìmù Kornberg àtijọ́ ló wá ń kó RNA kúrò tó sì ń dí àlàfo, kí ligase tó so ègé pọ̀. Gbogbo èyí ń yára tó nǹkan bí 1,000 lẹ́tà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan.

Àwọn ẹ́ńsáìmù yìí náà ni àwọn oògùn kan ń dojú kọ. Oògùn ciprofloxacin, tí wọ́n máa ń lò fún ibà táífọ́ọ̀dù, kì í pa bakitéríà nípa yíyí lẹ́tà DNA rẹ̀ padà. Gyrase ló ń dì mú lẹ́yìn tó bá ti gé DNA, kó má bàa lè so ó padà, ìdàkọ yóò sì dúró. Bí ìyípadà díẹ̀ bá ti bá jíìnì gyrase yẹn, oògùn náà kò ní rí i dì mú dáadáa mọ́, ìyẹn sì jẹ́ ọ̀kan pàtàkì lára ìdí tí táífọ́ọ̀dù mìíràn kò fi gbọ́ ciprofloxacin.