Ta Ló Sọ Pé Adìẹ Ò Lọ́pọlọ?

Ọ̀rọ̀ yìí ti wọ́pọ̀ lẹ́nu wa débi pé kò sẹ́ni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò mọ́: adìẹ ò lọ́pọlọ, adìẹ ò lè rántí nǹkan kan. Ẹ̀rí tí wọ́n máa ń mú wá ni pé tẹ́ ẹ bá sá àgbàdo síta, adìẹ dé, ẹ lé e, ó sá lọ, ẹ ò tíì jókòó tán tó fi tún padà dé, wọ́n á ní ó ti gbàgbé pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lé òun ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rò ó dáadáa. Tó bá ti gbàgbé lóòótọ́, kí ló dé tó fi jẹ́ ìdí ẹní àgbàdo yẹn gan-an ló padà sí, tí ò gba ẹ̀yìnkùlé lọ? Ó padà wá torí ó rántí pé oúnjẹ wà níbẹ̀ ni. Ẹyẹ ní hippocampus nínú ọpọlọ bí àwa náà ṣe ní in, iṣẹ́ ẹ̀ ni láti máa tọ́jú ibi tí nǹkan wà, tí ẹranko bá sì ṣàdédé kan oúnjẹ, kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ dopamine á tú jáde nínú ọpọlọ ẹ̀, ìyẹn ló ń jẹ́ kó mọ̀ pé ibí yìí dáa, kó tún padà wá. Ariwo ẹnu yín ńkọ́? Kò dùn ún níbì kankan. Adìẹ ti ṣírò ẹ̀, ó rí i pé èrè ibẹ̀ ju ewu lọ.

Ẹ wá wo ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ tí nǹkan bá kan adìẹ lára lóòótọ́. Steven Rose, onímọ̀ nípa ọpọlọ ní Open University nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí òròmọdìẹ tí ò ju ọmọ ọjọ́ kan lọ. Wọ́n á ki ìlẹ̀kẹ̀ kékeré tó ń dán bọ inú kẹ́míkà kan tó korò bí ewúro tí wọn ò fọ̀, wọ́n á nà án sí i. Òròmọdìẹ tó jẹ́ pé gbogbo ohun tó bá ń dán ló fẹ́ sọ lẹ́nu, á sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, lójú ẹsẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn orí, á máa nu ẹnu mọ́lẹ̀. Tó bá di ọjọ́ kejì tí wọ́n fi ìlẹ̀kẹ̀ tó jọ tàná hàn án, gbígbẹ, tí wọn ò fi nǹkan kan sí i, á fà sẹ́yìn. Àmọ́ tó bá jẹ́ aláwọ̀ míì, á sọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré o! Mo mọ àwọn tó ti yá oní-gbèsè kan náà lówó lẹ́ẹ̀mẹta.

Ibi tó tiẹ̀ dùn jù níbẹ̀ ni ti kẹ́míkà. Glutamate wà lára ohun táwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, tí wọ́n bá fi oògùn dí ibi tó ń wọlé sí nígbà tí òròmọdìẹ fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́ ìlẹ̀kẹ̀ yìí, ẹ̀kọ́ náà ò ní dúró. Tó bá wá jẹ́ anisomycin ni wọ́n fún un, èyí tí kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì ṣe púrótéènì tuntun, á rántí fúngbà díẹ̀ o, tó bá ṣe díẹ̀ sí i á lọ máa sọ ìlẹ̀kẹ̀ kíkorò yẹn padà. Ìyẹn ni pé rírántí ní báyìí ọ̀tọ̀, rírántí tó máa pẹ́ ọ̀tọ̀, èyí tó máa pẹ́ yẹn, ọpọlọ gbọ́dọ̀ fi púrótéènì tuntun mọ ọ́n bí ilé ni.

Àwọn kan á ní, ṣebí adìẹ tí wọ́n bẹ́ lórí ṣì ń ta pọ́ún pọ́ún. Ọ̀pá ẹ̀yìn ló ń darí ìyẹn, kò kan ìrònú. Wọ́n á tún mẹ́nu ba Mike, àkùkọ tí Lloyd Olsen bẹ́ lórí ní Fruita, Colorado, lọ́dún 1945, tó wá lo oṣù 18 sí i láyé, tí wọ́n ń ro mílíìkì àti omi sí i lọ́fun. Àmọ́ àáké yẹn ò kó ọpọlọ ẹ̀ tán jàre! Ìdí ọpọlọ, níbi tó ti so mọ́ ọrùn, ṣẹ́ kù, tòun ti etí kan, ibẹ̀ ló sì ń darí èémí àti ọkàn.

Ti pé orí adìẹ kéré, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Àwọn tó ka neuron, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ, ẹyẹ lọ́dún 2016 rí ohun tó lé ní 200 mílíọ̀nù nínú ọpọlọ adìẹ igbó Éṣíà tí adìẹ ilé ti ṣẹ̀ wá, kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti eku tí gbogbo wa gbà pé ó gbọ́n féfé.

Ohun tí mo tún fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé kì í ṣe ojú kan ni gbogbo ìrántí ń gbé. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Gabriel Horn, àtàwọn èèyàn ẹ̀ ní Yunifásítì Cambridge ba ibì kan jẹ́ nínú ọpọlọ òròmọdìẹ, lọ́tùn-ún lósì, kò wá lè dá ohun tó yẹ kó máa tẹ̀ lé bí ìyá ẹ̀ mọ̀ mọ́, síbẹ̀ ó ṣì ń kọ́ èyí tó yẹ kó yàn nínú nǹkan méjì kí atẹ́gùn gbígbóná tó fẹ́ràn lè fẹ́ sí i. Àkókò tí ọpọlọ fi ń gba “ìyá mi rèé” yìí sì kúrú, àárín ọjọ́ mélòó kan péré lẹ́yìn tó bá jáde nínú ẹyin. Lọ́dún 2012, àwọn kan ní Japan rí i pé hómóònù táíróọ̀dù, kẹ́míkà kan tí ara ń ṣe fúnra ẹ̀, ló ń ṣí ilẹ̀kùn àkókò náà, kódà tó bá ti kọjá, tí wọ́n bá gún òròmọdìẹ ní hómóònù yìí, ilẹ̀kùn á tún ṣí. Pẹ́pẹ́yẹ náà ní irú àkókò yìí, ìyẹn ni ọmọ pẹ́pẹ́yẹ tí àgbébọ̀ bá pa ṣe máa ń tẹ̀ lé àgbébọ̀ káàkiri àgbàlá, tí kò ní wo ojú ìyá tó yé e.