Ẹ Fọ Ẹ̀jẹ̀ Rẹ̀ Ná, Kí Ẹ Tó Béèrè Owó

Àpò ìtọ̀ ni nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ máa ń wò. Ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló máa ń so rọ̀ sí, lára ẹni tí ibà gbé dákú wọlé lálẹ́ àná, tàbí ìyá ìkókó tí ẹ̀jẹ̀ ya lára rẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí àpò náà ṣì gbẹ, tí ojú ń wú, tí mímí ń di iṣẹ́ ńlá, dókítà á pe ẹbí sí kọ̀rọ̀. Kíndìnrín ti daṣẹ́ sílẹ̀, a fi kí ẹ̀rọ bá a fọ ẹ̀jẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, ọ̀rọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ dókítà, ó ti di ti akápò. Owó àsansílẹ̀ dà? Rọ́bà tí wọ́n máa kì bọ iṣan ọrùn, ẹ lọ rà á wá. Ẹ ra asẹ́ ẹ̀rọ, ẹ ra oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, omi iyọ̀, ìbọ̀wọ́. Ẹ tún wá ẹ̀jẹ̀ páìntì méjì. Inú ìwé pélébé kan ni wọ́n máa ń to gbogbo rẹ̀ sí. Ọmọ aláìsàn á mú un dání lórí àtẹ̀gùn, á máa fi fóònù pe mọ̀lẹ́bí lọ́kọ̀ọ̀kan.

Lóṣù kẹjọ ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó ìfọ̀ kan ti wálẹ̀ láti ₦50,000 sí ₦12,000 láwọn ọsibítù ìjọba àpapọ̀ kan. UCH Ìbàdàn, LUTH Èkó, àti àwọn ọsibítù ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ebute Mẹ́ta àti Abẹ́òkúta wà lára wọn. A yìn wọ́n nígbà náà, a ò sì kó ọ̀rọ̀ wa jẹ. Ẹni tó ń lọ fọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ mọ ohun tí ₦38,000 jẹ́. Ṣùgbọ́n aṣọ tí wọ́n rán yìí, ìwọ̀n ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti bàjẹ́ pátápátá ni wọ́n fi gé e. Ti ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ daṣẹ́ sílẹ̀ lójijì, tó wà lẹ́sẹ̀ kan ayé, ẹsẹ̀ kan ọ̀run, yàtọ̀.

Kíndìnrín tirẹ̀ kò kú, ó dákú ni. Àkóràn tó wọ inú ẹ̀jẹ̀, ìgbẹ́ gbuuru tó fa omi ara gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ìbímọ, oògùn ara ríro tí wọ́n ń lò bí ẹni jẹ ẹ̀pà, àgbo tí ẹnikẹ́ni ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀: ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè dá kíndìnrín dúró láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ọ̀pọ̀ irú kíndìnrín bẹ́ẹ̀ ló máa ń jí padà bí ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀ bá ti gorí ara wọn, bí ẹni tó ni ín bá ṣì wà láàyè láti rí i. Ohun tó ń pa á ni pé pòtásíọ́mù á máa ga nínú ẹ̀jẹ̀ títí ọkàn yóò fi dáwọ́ dúró lójijì, tàbí kí omi kún ẹ̀dọ̀fóró. Ìyẹn kì í dúró de ọjọ́ Ajé tí báńkì máa ṣí.

Ìfọ̀ oníwákàtí mẹ́rin tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ lè má bá a lára mu. Bí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ti wálẹ̀ jù, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ máa fọ̀ ọ́, fún wákàtí mẹ́fà sí méjìlá, tàbí tọ̀sán-tòru lórí ẹ̀rọ tó ṣọ̀wọ́n gidigidi nílẹ̀ wa. ₦12,000 kò dé ibẹ̀.

Òfin ò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Òfin Ìlera ti ọdún 2014, ní abala 20, sọ pé ọsibítù kankan kò gbọdọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni, nítorí ohun yòówù. Ẹni tó bá rú u, owó ìtanràn rẹ̀ ₦100,000 ni, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ, tàbí méjèèjì. Síbẹ̀, a ò ní di gbogbo ẹ̀bi ru ọsibítù. Ìfọ̀ kan lè gba ọgọ́fà lítà omi tí wọ́n ti sẹ́ dáadáa, iná ò sì gbọ́dọ̀ lọ lórí rẹ̀. Ìbàdàn kò tíì gbàgbé pé UCH lo ju ọgọ́rùn-ún ọjọ́ lọ láìsí iná ìjọba, láti òpin ọdún 2024 wọ 2025. Ta ni kó san owó dísẹ́lì?

Ohun tí a ń sọ ni pé kí ìfọ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ fún ẹnikẹ́ni tí kíndìnrín rẹ̀ dákú lójijì bẹ̀rẹ̀ láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹbí, àti rọ́bà ọrùn àti asẹ́ ẹ̀rọ pẹ̀lú. Kí ọsibítù kọ owó náà sí ìjọba lọ́rùn. Òfin 2014 yẹn kan náà ló ya ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó àpò ìlera sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú pàjáwìrì, òfin ìdójútòfò ìlera ti 2022 sì dá àpò kan sílẹ̀ fún àwọn aláìní. Bí èyí kì í bá ṣe pàjáwìrì, kí ni pàjáwìrì?

Àwọn kan á ní àwọn dókítà á kàn máa wọ́ gbogbo aláìsàn lọ sórí ẹ̀rọ nítorí pé ọ̀fẹ́ ni. Rárá o. Ìwádìí ńlá kan tó jáde lọ́dún 2020, tó kan aláìsàn tó lé ní 2,900 ní orílẹ̀-èdè 15, fi hàn pé kíkánjú gbé aláìsàn sórí ẹ̀rọ kò dín ikú kù, bí àmì ewu kò bá tíì yọjú. Nítorí náà, dókítà lè dúró kó máa ṣọ́ ọ. Kó ṣáà jẹ́ pé dókítà ló ní ká dúró, kì í ṣe akápò.

Ọ̀nà kan tún wà tí kò nílò NEPA rárá. Wọ́n á da omi tí wọ́n fi ṣúgà àti iyọ̀ pò sínú ikùn gba inú rọ́bà, á dúró díẹ̀ kó fa ìdọ̀tí ẹ̀jẹ̀ mọ́ra, wọ́n á sì dà á jáde. Àpò omi tí wọ́n gbé kọ́ sókè àti èyí tó wà nílẹ̀, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìlànà táwọn onímọ̀ nípa irú ìfọ̀ yìí lágbàáyé gbé jáde lọ́dún 2020 sọ pé ó tó lò fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ daṣẹ́ sílẹ̀ lójijì, ọsibítù sì lè po omi náà fúnra rẹ̀ bí ti ilé iṣẹ́ bá wọ́n. Ọmọdé ló tún bá lára mu jù. Ẹni tó bá rántí oògùn eyín My Pikin, tó ba kíndìnrín ọmọ wẹ́wẹ́ jẹ́ ní 2008 sí 2009 tí 84 nínú wọn fi kú, á mọ ìdí tí a fi ń pariwo.

Àwọn gómìnà ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù, nítorí àwọn ló ni ọsibítù tó jìnnà sí ìlú ńlá. Kí wọ́n kọ́ dókítà méjì àti nọ́ọ̀sì mẹ́rin ní ìfọ̀ inú ikùn yìí ní ọsibítù kọ̀ọ̀kan, kí rọ́bà àti omi rẹ̀ wà ní sítọ̀. Bí àpò ìtọ̀ ẹnì kan bá gbẹ ní Ṣakí lálẹ́ Sátidé, kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́ níbẹ̀ kí mọ́tò tó gbéra, kó tó gba ọ̀nà Ìsẹ́yìn lọ sí UCH ní Oríta Mẹ́fà.