Irọ́ ni o, bọ́tìnnì VSC kọ́ ló ń gba agbára lẹ́sẹ̀ Hilux yín

Ẹ bọ́ sínú Hilux tàbí píkọ́ọ̀pù èyíkéyìí tí kò tíì gbó jù ní Èkó yìí, ẹ máa rí bọ́tìnnì kan tí wọ́n ya ọkọ̀ kékeré sí, tí ipa tááyà ẹ̀ rí wọ́gọwọ̀gọ lẹ́yìn. Bọ́tìnnì VSC nìyẹn, VSC sì ni ohun tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ yọ̀ kúrò lójú ọ̀nà. Ẹni tó bá ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ọkọ̀ jù yín lọ á ní tẹ́ ẹ bá ti sítáàtì kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ pa. Òun ló ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn, òun ló ń mu epo, tí láìtì ẹ̀ bá sì ti ń ṣẹ́jú, ọkọ̀ ti ń bàjẹ́ nìyẹn. Wọ́n á rọra sọ ọ́ bí ẹni ń júwe àgúnmu fún ọmọ.

Èmi náà gbà á gbọ́ fún bí ọdún méjì. Páìpù àti táńkì omi ni mo máa ń fi Hilux ọ̀gá mi kó láti Mushin lọ sí Island. Lọ́jọ́ kan láìtì ABS, èyí tí kì í jẹ́ kí tááyà há tẹ́ ẹ bá tẹ búréèkì lójijì, àti ti VSC jọ tàn, wọn ò kú mọ́. Rìwáyà wa ò so ẹ̀rọ kankan mọ́ ọkọ̀ o, ó kàn ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó yọ fíúsì kan, ó nù ún mọ́ ṣòkòtò ẹ̀, ó jù ú sínú píjìnhóòlù. Ó wá gé téèpù dúdú, ó fi lẹ ojú àwọn láìtì yẹn. "Ọ̀gá dírẹ́bà, ẹ máa lọ, ọkọ̀ ti fúyẹ́ báyìí." Ká sòótọ́, ó ṣe mí bíi pé ó fúyẹ́ lóòótọ́, torí ohun tí wọ́n bá ti sọ síni létí, ara á ní òun ti gbọ́.

Òjò oṣù keje ló tú àṣírí. Mo ti já ẹrù sí Lẹkki, mo ń darí bọ̀ lófìfo lórí Third Mainland, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbabẹ̀ mọ àwọn irin tí wọ́n fi so afárá yẹn pọ̀, tí tááyà bá gùn ún á dún gbì, tí òjò bá wá rin ín á máa yọ̀ bí ewédú. Mo wà lórí bẹ́ńdì, dánfó kan já wọ iwájú mi láìfi tráfíkétọ̀ hàn, mo fẹsẹ̀ lé búréèkì, tááyà ẹ̀yìn gun irin, ìdí ọkọ̀ bá ní òun fẹ́ wá bá mi níwájú. Mo yí sítíárín sápá kan, kò gbọ́, mo yí i sápá kejì, ó gbọ́ jù. Nígbà tí ọkọ̀ máa dúró, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi ni mò ń wò lójú kòrókòró. Ọlọ́run ló yọ mí, wọ́n ṣì jìnnà díẹ̀.

Mo rá pálá dé Oworo, mo páàkì, mo ṣí píjìnhóòlù kí n rí nǹkan fi nu ojú. Fíúsì yẹn ló kọ́kọ́ bọ́ lé mi lẹ́sẹ̀, ìwé ọkọ̀ ló wà lábẹ́ ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò ṣí rí. Ibẹ̀ ni mo jókòó kà á.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Sẹ́ńsọ̀ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tááyà kọ̀ọ̀kan tó ń ka bó ṣe ń yí sí. Òmíràn wà lára sítíárín tó mọ ibi tẹ́ ẹ ń dojú ọkọ̀ kọ, òmíràn tún wà nínú ara ọkọ̀ tó mọ ibi tí ọkọ̀ fúnra ẹ̀ ń yí sí. Tí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ àti ohun tí ọkọ̀ ń ṣe ò bá bára mu, VSC á di búréèkì tááyà kan ṣoṣo mú, á sì dín ẹ́ńjìnnì kù, kí ọkọ̀ lè padà sójú ọ̀nà. Pẹ́dà búréèkì kan ṣoṣo lẹ̀yin ní, bó ti wù kẹ́ ẹ mọ ọkọ̀ wà tó, ẹ ò lè fi di tááyà ẹ̀yìn apá ọ̀tún nìkan mú. Agbára tẹ́ ẹ ní wọ́n ń jí yẹn, ìgbà tí ọkọ̀ ti fẹ́ yọ̀ nìkan ló ń gbà á. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ó ń mu epo ńkọ́, ṣé èyí tó ń dín ẹ́ńjìnnì kù náà ló tún wá ń mu epo?

Píkọ́ọ̀pù gan-an ló sì nílò ẹ̀ ju ọkọ̀ kékeré lọ. Ẹrù ni wọ́n ṣe ìdí ẹ̀ fún, síprìǹgì ẹ̀yìn le koko, tí kò bá sí nǹkan níbẹ̀ á máa ta pọ́ún pọ́ún bí ewúrẹ́. Àwọn kan á ní ṣebí fọ bai fọ ni tàwọn. Fọ bai fọ ń bá yín gbéra ni o, kì í bá yín dúró, ẹ má sì tì í bọ̀ ọ́ lórí títì gbígbẹ, ó ń ba gíá jẹ́.

Nǹkan yìí kì í ṣe àrà tuntun rárá. Lọ́dún 1995 ni Mercedes-Benz àti Bosch gbé e jáde nínú S-Class, ESP ni wọ́n ń pè é. Lọ́dún 1997 àwọn akọ̀ròyìn kan ní Sweden ń dán A-Class tuntun wò, wọ́n yí sítíárín lójijì bí ẹni ń yẹra fún ẹran lójú ọ̀nà, ọkọ̀ yẹn dojú dé. Mercedes bá fi ESP sínú gbogbo A-Class. Amẹ́ríkà fi òfin gbé e, láti ọkọ̀ ọdún 2012 gbogbo ọkọ̀ kékeré àti píkọ́ọ̀pù gbọ́dọ̀ ní in. Yúróòpù ní kó wà nínú gbogbo ọkọ̀ tuntun láti oṣù kọkànlá ọdún 2014.

Ọ̀rọ̀ láìtì wá ńkọ́? Tó bá ń ṣẹ́jú, iṣẹ́ ló ń ṣe lọ́wọ́, ẹ rọra tẹná. Tó bá tàn tí kò kú, yálà ẹnì kan ti pa á tàbí nǹkan bàjẹ́. Tèmi, wáyà sẹ́ńsọ̀ tááyà ẹ̀yìn kan ló já, omi àgbàrá ló ṣe é. Fíúsì tí rìwáyà yọ sì pa ABS mọ́ ọn, òun gan-an kò mọ̀! Nínú ọ̀pọ̀ Toyota pàápàá, tí láìtì ẹ́ńjìnnì bá ti tàn, ti VSC á tẹ̀lé e, ó sì lè jẹ́ ìdérí táńkì epo lẹ ò dé dáadáa. Ẹ ní kí wọ́n fi kọ̀ǹpútà yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan fíúsì.

Ibì kan wà tí àwọn ẹ̀gbọ́n wa ti jàre. Tẹ́ ẹ bá rì sínú iyanrìn lọ́nà Ibeju-Lekki, tẹ́ ẹ tẹná tí ẹ́ńjìnnì kàn ń kú sílẹ̀, ẹ tẹ bọ́tìnnì yẹn pa. Tááyà ní láti yí díẹ̀ kó tó jáde níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá dé orí títì kẹ́ ẹ dá a padà. VSC ò sì lè sọ tááyà tó ti dán bí orí ọ̀gá mi di tuntun, ẹ yẹ nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lára tááyà tokunbo wò, 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019.

Wọ́n ti tún wáyà yẹn ṣe, fíúsì ti padà sáyè ẹ̀. Ọ̀gá mi ò gbà o. Tó bá fẹ́ wa ọkọ̀ yẹn fúnra ẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, á kọ́kọ́ ta bọ́tìnnì yẹn ní ìka kan, fẹ́ẹ́, á wojú mi bí ẹni tó ti borí. Ìwé ọkọ̀ ní tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ fẹ́ẹ́, TRC nìkan lẹ pa, ìyẹn èyí tí kì í jẹ́ kí tááyà máa yí lásán tẹ́ ẹ bá tẹná, tí ọkọ̀ bá sì ti ń sáré á tan ara ẹ̀ padà. Kẹ́ ẹ tó lè pa VSC mọ́ ọn, ọkọ̀ gbọ́dọ̀ dúró, kẹ́ ẹ sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ju sẹ́kọ́ńdì mẹ́ta lọ. Mi ò tíì sọ fún un.